Òórùn Epo àti Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Iṣẹ́

Púpọ̀ nínú yín ti di ọ̀gá ní ilé epo, ní ilé ìtẹ̀wé, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Àwọn mìíràn sì ń fi ọmọ wọn sẹ́nu iṣẹ́ nígbà ìsinmi. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ benzene wá síwájú yín.

Benzene jẹ́ kẹ́míkà aláìláwọ̀ tí ó máa ń yára gbẹ sínú afẹ́fẹ́. Ó wà nínú epo bẹntiróòlù. Ó sì lè wà nínú gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà àti nínú tínà tí a fi ń po ọ̀dà. Láti Mápó dé Bẹẹrẹ, láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrúnká, a kò lè rìn jìnnà kí a má rí ẹni tí ń lo irú nǹkan wọ̀nyí. Bí a bá ń fà á símú lójoojúmọ́, yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, yóò sì dé mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí ara ti ń pèsè ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá ba ibẹ̀ jẹ́, ó lè fa lùkímíà, èyí tí í ṣe àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀.

Ní Istanbul, ní ilẹ̀ Tọ́kì, Dókítà Muzaffer Aksoy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìròyìn ní 1974 nípa aránbàtà 26 tí lùkímíà tàbí àrùn tí ń ṣáájú rẹ̀ mú. Benzene wà nínú gọ́ọ̀mù wọn. Nígbà tí a dẹ́kun lílò ó, iye àwọn aláìsàn dínkù.

Àrùn yìí lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó farahàn. Bí àárẹ̀ bá pọ̀ lápọ̀jù, tí ibà kò lọ, tí erìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má ṣe máa ra oògùn ibà nìkan. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Òfin Mósè pàṣẹ fún ẹni tí ó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó ṣe ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà já bọ́. Ọ̀gá ni ó ni òrùlé. Ọmọ iṣẹ́ ni ó ń rìn lórí rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu fa epo, tàbí kí ó fi bẹntiróòlù fọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ni kí ó lò. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ ra ìbọ̀wọ́, ẹ má sì tọ́jú epo sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Mílíìkì tàbí epo pupa tí a bá mu kò lè fọ benzene kúrò nínú ara. Kí ó má wọlé rárá ni ìgbátí wa.