Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "Steady" àti Ìlò Rẹ̀

Nígbà tí a lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò ní ilé-ìwé kan ní Sẹkọna, lẹ́bàá Ẹdẹ, a kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ojú pátákó, a sì kọ "dúró" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀. Ní ọjọ́ kejì, ọmọ kan ka gbólóhùn tí "steady rain" wà nínú rẹ̀, ó sì wí pé òjò náà ti dúró. A bá a wí. Ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Tíṣà, ẹ̀yin ni ẹ kọ́ wa bẹ́ẹ̀." Ojú tì wá, nítorí òjò tí ń rọ̀ láìdá ni gbólóhùn náà ń wí.

Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti ìpìlẹ̀. Láti ara "stead" ni ó ti wá, èyí tí í ṣe ipò. Òun náà ni ó wà nínú "instead", gẹ́gẹ́ bí "ipò" ti wà nínú "dípò" tiwa. Nítorí náà, àkàbà tí ó wà ní ipò rẹ̀ tí kò mì jẹ́ "steady".

Èkejì, a ń lò ó fún ohun tí ń lọ ní ìwọ̀n kan náà láìdáwọ́ dúró. Èyí kò ṣòro fún ará Ẹdẹ, ìlú tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, ọba tí ó mọ dùndún lù dáradára, ti jọba láti 1946 títí di 1975. Ìyáàlù a máa sọ̀rọ̀, a sì máa yí ohùn padà. Ṣùgbọ́n gúdúgúdú kì í yẹ̀ kúrò lórí tirẹ̀. Kò dúró, síbẹ̀ "steady" ni.

Ẹ̀kẹta, a ń fi í pe ẹni tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí ìwà rẹ̀ àná kò yàtọ̀ sí ti òní.

Ẹ̀kẹrin, ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: kí a di nǹkan mú kí ó má baà mì, bí Áárónì àti Húrì ti ṣe sí ọwọ́ Mósè nínú Ẹ́kísódù orí 17.

A padà sọ fún kíláàsì náà pé ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti ọmọ náà. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún ọmọdé. Ẹ fi í sínú gbólóhùn, kí ó lè rí iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀.