Ìdánwò Ẹ̀rọ Ṣáájú Ọjọ́ Ìdìbò

Nínú ìdìbò gbogbogbòò, ẹ̀rọ BVAS ni olùdìbò yóò kọ́kọ́ bá pàdé ní ibùdó ìdìbò ní Òkè-Ogbo, ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀. Ẹ̀rọ náà yóò yẹ ìtẹ̀ka tàbí ojú rẹ̀ wò, láti mọ̀ bóyá òun gan-an ni ó ni káàdì tí ó mú wá. Nígbà tí wọ́n bá ka ìbò tán, ẹ̀rọ yìí kan náà ni òṣìṣẹ́ àjọ INEC yóò fi ya àwòrán ìwé èsì EC8A, tí yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ojú òpó IReV, níbi tí gbogbo ayé ti lè wò ó.

Wọ́n lo BVAS àti IReV fún ìdìbò gómìnà Ọ̀ṣun ní ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 2022. Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, alága INEC nígbà náà, sọ lẹ́yìn náà pé àwọn kan gbìyànjú láti já wọ IReV nígbà ìdìbò Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun, pé àwọn mìíràn nínú wọn wà ní Éṣíà lọ́hùn-ún. Wọn kò rí i ṣe. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ̀ ọ́. Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà fi máa ń gbìyànjú láti fọ́ ilé tí wọ́n fúnra wọn kọ́, kí olè tó dé ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè nìkan ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì ọdún 2023, INEC dán ìyẹ̀wò olùdìbò wò ní ibùdó 436 káàkiri orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, èsì ìdìbò àwọn aṣòfin àpapọ̀ ń wọlé sórí IReV, ti Ààrẹ sì kọ̀ jálẹ̀. Àlàyé tí INEC ṣe ni pé abẹ́ ìpínlẹ̀ ni ètò náà ń to èsì sí. Ìpínlẹ̀ ni ó ni gómìnà. Ẹkùn sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan. Gbogbo Nàìjíríà ni ẹkùn ìdìbò Ààrẹ, kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, nítorí náà ètò náà kò mọ ibi tí yóò gbé ìwé èsì rẹ̀ sí. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n tó rí i tún ṣe, iyèméjì sì ti gba ìlú kan.

Àbùkù kékeré ni. Àṣeyọrí Èkìtì àti Ọ̀ṣun kò lè fi í hàn, nítorí ìdìbò ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n. Ìdánwò tí ó péye ni èyí tí ó bá gbé èsì Ààrẹ àfiṣàpẹẹrẹ gba ọ̀nà kan náà, láti ibùdó títí dé ojú òpó.

Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 pé àìrí èsì lórí IReV nìkan kò tó láti fagi lé ìdìbò. Ìwé ni wọ́n fi ń ṣe àkójọ èsì. Ẹ̀dà rẹ̀ máa ń wà lọ́wọ́ aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ lẹ èsì mọ́ ibùdó. Olùdìbò tí ó bá dúró di ìgbà tí wọ́n kà á tán lè ya àwòrán rẹ̀, kí ó sì fi iye tí ó wà níbẹ̀ wé ti IReV nígbà tí ó bá délé.