Ẹ Má Tún Ọ̀rọ̀ Ọlọ́rọ̀ Kọ

Ẹ̀yin ará wa ní Goresbrook àti gbogbo Dagenham, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká tètè bá ara wa sọ. Ọ̀pọ̀ wa ló ń kọ lẹ́tà sí káńsù, sí onílé, sí lọ́yà tàbí sí kóòtù, tí a sì ń da ohun tí ẹlòmíràn kọ sí wa kọ sínú rẹ̀. Bí a ti ń dà á kọ, ọwọ́ wa a máa yá láti tún un ṣe: a fi lẹ́tà tó fò sí i, a fi àmì sórí ọ̀rọ̀, a tún gírámà to. Inú rere ni, ṣùgbọ́n ó lè ba ẹjọ́ jẹ́.

Ẹ wo irú àtẹ̀jíṣẹ́ tí mọ̀lẹ́bí máa ń fi ránṣẹ́ láti ilé lórí WhatsApp: “Mo ti ta oko naa.” Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Ṣé oko tí bàbá fi sílẹ̀ ló tà ni, àbí ọkọ̀ tí ẹ fowó rẹ̀ ránṣẹ́ láti ìhín? Bí ẹ bá dà á kọ fún lọ́yà, tí ẹ wá fi àmì sí i, ẹ ti bá a sọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò kọ. Lọ́jọ́ tó bá mú fóònù tirẹ̀ jáde, tí ohun tó wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín, wọn yóò máa fura sí gbogbo ìwé yòókù tí ẹ kó wá, títí kan èyí tó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Ẹni tó bá sì fọwọ́ sí ẹ̀rí tó mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́ lè jẹ̀bi àfojúdi sí kóòtù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí.

Nítorí náà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ dà á kọ sáàárín àmì àyọlò. Ìta àmì náà ni kí ẹ ti sọ bó ṣe yé yín, àti ìdí tó fi yé yín bẹ́ẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà tí ẹni tó ń kà lè rò pé tiyín ni, ẹ kọ sic (ìyẹn ni pé “bó ṣe wà nìyẹn”) sínú àkámọ́ onígun lẹ́yìn rẹ̀; àwọn lọ́yà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tí ẹ bá fi kún un kó lè yéni, inú irú àkámọ́ bẹ́ẹ̀ náà ni kó wà. Kí ẹ sì fi àwòrán ojú fóònù tì í.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2020, ìlànà kóòtù fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn ti ní kí wọ́n kọ gbólóhùn ẹ̀rí ní èdè ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀, kí ògbufọ̀ sì jẹ́rìí pé ìtumọ̀ rẹ̀ péye. Ìyá tó bá jẹ́ Yorùbá ló fi ń sọ tinú rẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ẹ má fà á lé ọmọ inú ilé lọ́wọ́ láti sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀.

Àwọn atẹ̀wé náà ti fi àpẹẹrẹ èyí lélẹ̀ rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Faber and Faber tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde ní London ní 1952, ìwọ̀nba ni wọ́n tún ṣe nínú Gẹ̀ẹ́sì Amos Tútùọlá tó kọ ọ́. Wọ́n tẹ ojú ewé kan látinú ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sínú ìwé náà, kí òǹkàwé lè rí ibi tí olóòtú ti fi gègé kàn án. Inú bí àwọn ọ̀mọ̀wé wa kan nígbà náà. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yẹn dójú tì wá. Èmi gbà pé ohun tó tọ́ ni Faber ṣe, nítorí a mọ èyí tó jẹ́ ti Tútùọlá, a sì mọ èyí tó jẹ́ ti olóòtú.

Ẹ má sì fi sic bú ènìyàn. Bí ẹ bá tò ó sẹ́yìn gbogbo àṣìṣe onílé, adájọ́ yóò rí i pé ẹ fẹ́ fi í ṣẹ̀sín ni. Kì í kúkú ṣe gbogbo ohun tó ṣàjèjì lójú wa ló jẹ́ àṣìṣe. Irúnmalẹ̀ ni Fágúnwà kọ sórí ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1938, kì í ṣe Irúnmọlẹ̀. Bí ẹ bá rí “aiye” àti “enia” nínú lẹ́tà àwọn òbí yín, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé ìwé nìyẹn. Ọdún 1974 ni ìjọba Nàìjíríà tó fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ẹni tó fi “sh” kọ Olushola sínú páásípọ́ọ̀tù, “sh” náà ni kí ẹ kọ.

Bí ẹ bá ti fi èyí tí ẹ tún ṣe ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má dúró kí wọ́n bi yín. Ẹ kọ lẹ́tà míì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ ṣàlàyé ohun tí ẹ yí padà, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ojúlówó tì í.