Kí Iná Tó Jẹ Èrè Ọlọ́kà Tán

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi í wọgbà. Bí èrè olóúnjẹ ṣe ń wọnú ààrò lọ náà nìyẹn. Kò sí ọlọ́kà kan ní Kúdẹtì nílùú Ìbàdàn tí yóò da kóńgò èlùbọ́ kan sí gọ́tà láàárọ̀, síbẹ̀ ojoojúmọ́ la ń fi igi dáná tí afẹ́fẹ́ ń yá.

Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà bẹntiróò kan fò láti nǹkan bíi 190 náírà kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, gbogbo ohun tí ọkọ̀ ń gbé ló gbówó lórí: igi, èédú, gáàsì, èlùbọ́ pàápàá. A kò lè kó gbogbo rẹ̀ lé oníbàárà lórí. Abẹ́ ìkòkò ni ọwọ́ wa ṣì tó.

Ẹ má bẹ̀rù, n kò ní kí ẹ pa igi tì. Ará Ìbàdàn ni mí, mo mọ ohun tí wọ́n ń wí nípa ọkà tí a fi igi rò. Ṣùgbọ́n ẹ wo igi tútù bó ṣe ń yọ ìfófòó lẹ́nu: omi inú ara rẹ̀ ni iná ń kọ́kọ́ sè kó tó kan ti ìkòkò yín. Ẹ rà á sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ là á wẹ́wẹ́, ẹ tò ó síbi tí òjò kò ti ní bá a. Èéfín tó ń ta yín lójú, tó ń ta ọmọ ẹ̀yìn yín, igi tí kò jó tán ni.

Wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni, iná ló ń dà nù. Ẹ fi amọ̀ mọ ọ́n yí ká, ẹ fi ẹnu kan sílẹ̀ fún igi, kí àlàfo tó wà láàárín amọ̀ àti ìkòkò má ju ìbú ìka kan lọ, kí ooru lè máa pọ́n ìkòkò lá. Amọ̀ kò wọ́n. Kí ni wọ́n kúkú fi mọ ilé àwọn baba wa?

Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ńkọ́? Wọ́n ní onísùúrù á se òkúta jinná. Ẹni tó pòwe yẹn kò ra gáàsì ní kílò. Ẹ rẹ ẹ̀wà mọ́jú, ẹ bó o, ẹ dé ìkòkò. Omi tó bá ti hó ti hó. Bí iná ń ké ramúramù, kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbígbẹ ni yóò máa gbẹ. Ẹ dín iná kù. Bó bá ti hó dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ẹ gbé e tìkòkò-tìkòkò sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi aṣọ gbígbẹ tẹ́ nínú, ẹ bò ó pa. Yóò máa rọ̀ lọ láìsí iná, bí kúlà ṣe ń pa ọkà mọ́ ní gbígbóná.

Ti firísà tó ń jẹ iná mànàmáná kò gùn: ẹ yọ́ yìnyín tó bá ti nípọn lára rẹ̀, ẹ má sì gbé ọbẹ̀ gbígbóná sínú rẹ̀.

Èyí tí a kì í ṣe ni kíkà. Ìdì igi kan, abọ́ ọkà mélòó? Fún abọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìdì kan bá sè, ẹ fi èédú fa ìlà kan sára ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó mọ amọ̀, kí ẹ tún fà á fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìlà ìdì kan kò bá pọ̀ sí i, ẹ da ọ̀rọ̀ mi nù.

Ó ku ọ̀rá tí a fi ń wé ọkà, tó ń di ìdọ̀tí lẹ́yìn náà. Odò Kúdẹtì kò jìnnà, a kò sì tíì gbàgbé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí ìdọ̀tí ti dí ojú odò nílùú tí àgbàrá sì wọlé wá bá wa. Oníbàárà tó bá gbé abọ́ tirẹ̀ wá, ẹ fi ìpọnkọ gbẹ̀gìrì kan ṣe ènì fún un.