Ẹ̀KỌ́ OṢÙ YÌÍ: Owó Àsansílẹ̀ Lórí Mọ́tò Tí A Kò Tíì Ṣe

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ owó àsansílẹ̀ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lóṣù yìí. Kò sí oníṣòwò láàrin wa tí kò mọ̀ ọ́n. Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ tí a óò lò ti ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Máàṣì 2016, ilé iṣẹ́ Tesla fi mọ́tò kan han aráyé tí ń fi iná mànàmáná rìn, tí kì í lo epo bẹntiróòlù rárá. Model 3 ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní èyí tó rọjú jù lọ yóò jẹ́ 35,000 dọ́là, àti pé ní ìparí 2017 ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́, kí ó san 1,000 dọ́là sílẹ̀. Bí ó bá yí ọkàn padà, wọn yóò dá a padà fún un. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan péré, orúkọ tó wọlé ti tó nǹkan bí 325,000.

Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: 325 mílíọ̀nù dọ́là nìyẹn. Nínú ẹgbẹ́ tiwa, ẹni tó bá yá owó ń san èlé, ó sì ń mú onídùúró wá. Àwọn wọ̀nyí kó owó fún ilé iṣẹ́ láìgba èlé, láìbéèrè onídùúró. A kò sọ pé wọ́n gọ̀ o. Wọ́n fẹ́ràn mọ́tò náà ni.

Ọjọ́ 28 oṣù Júláì 2017 ni wọ́n fa 30 àkọ́kọ́ lé àwọn ènìyàn lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Títí Sẹ̀tẹ́ńbà fi parí, 260 péré ni wọ́n rí ṣe. Bẹ́ẹ̀ Elon Musk, ọ̀gá wọn, ti ní 5,000 ni wọn yóò máa ṣe lọ́sẹ̀ kan kí ọdún náà tó parí. Wọ́n sún un sí ìparí Máàṣì 2018, wọ́n tún sún un sí ìparí Júùnù, ìgbà yẹn ni wọ́n tó bá a.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe ohun gbogbo. Èyí tó yẹ kó máa to bátìrì pọ̀ ní Nevada kò ṣe déédéé, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n padà sí. Ní Àpríìlì 2018 Musk fúnra rẹ̀ gbà pé àwọn ti ṣe àṣejù. Nígbà tí ṣíṣe wá yá, gbígbé wá di wàhálà. (Ẹ̀yin tí ẹ ń kó tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ yìí yé yín.)

Ṣùgbọ́n ìlà ló dun àwọn ènìyàn ju pípẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ rò pé bí òun ti tètè san, bẹ́ẹ̀ ni òun yóò tètè gbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gbà, ẹni tó ti ní mọ́tò Tesla tẹ́lẹ̀ tẹ̀ lé e. Èyí tó ní bátìrì ńlá, tó bẹ̀rẹ̀ láti 44,000 dọ́là, ni wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe. Ẹni tó fẹ́ ti 35,000, kí ó máa dúró. Ó dúró títí di ìparí Fẹ́búárì 2019: ọdún mẹ́ta dín oṣù kan!

Ẹ wá wo ohun tí ìdúró náà ná an. Nígbà náà, ìjọba Amẹ́ríkà ń dín owó orí ẹni tó bá ra mọ́tò iná kù títí dé 7,500 dọ́là. Ṣùgbọ́n òfin ní bí ilé iṣẹ́ kan bá ti ta 200,000, ẹ̀dínwó náà yóò máa lọ sílẹ̀. Tesla dé iye yẹn ní Júláì 2018. Láti ọjọ́ kìíní Jánúárì 2019, ó di 3,750. Ẹni tó lówó, tó ra olówó ńlá ní 2018, lè gba gbogbo rẹ̀. Ẹni tó ń dúró de èyí tó rọjú pàdánù ìdajì. Lójú tèmi, èyí ló burú jù, nítorí kò sí lórí ríṣíìtì ẹnikẹ́ni.

Òótọ́ ni pé ẹni tó bá fẹ́ lè yọwọ́. Nínú nǹkan bí 518,000 tó forúkọ sílẹ̀ títí di Ọ́gọ́ọ̀sì 2017, 63,000 ti yọwọ́. Ti ilé iṣẹ́ Fisker le jù bẹ́ẹ̀: ó wọ gbèsè, ó lọ sí kóòtù ní Júùnù 2024. Bí ilé iṣẹ́ bá wó báyìí, ẹni tó yá a lówó tó sì gba dúkìá ṣe ìdógò ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn. Oníbàárà ń bẹ lẹ́yìn.

Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù mú ríṣíìtì àsansílẹ̀ kan wá, ìbáà ṣe ti símẹ́ńtì tàbí ti ẹ̀rọ ìlọta. Akọ̀wé yóò kà á sókè. Ẹ wò ó bóyá ọjọ́ tí ọjà yóò dé wà níbẹ̀, ta ni yóò gbé àdánù bí ọjọ́ náà bá yẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe to ìlà, àti bí owó ọjà bá gòkè kí ó tó dé, ṣé iye àtijọ́ ni a ó san ni àbí tuntun. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí a lè kó o lọ bá ẹni tó gba owó kí a tó tún dá òmíràn.