Jìbìtì Orí Fóònù àti Àwọn Òbí Tó Ti Dàgbà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1910, ojú irin tó ti Èkó wá pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano ní Minna. Rélùwéè kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá dé ìlú náà. Òwò tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ìjọba sì tún kó àwọn mìíràn wá nígbà tí Minna di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Niger ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 1976. Àwọn tó dé nígbà náà bí ọ̀dọ́ ti di àgbàlagbà báyìí. Púpọ̀ nínú wọn ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ wọn wà ní Abuja, ní Èkó tàbí ní òkè òkun, fóònù sì ni okùn tó so tọmọtìyá pọ̀. Okùn yẹn kan náà ni oníjìbìtì ń fà.

Ká mú ìyá kan ní Kpakungu ṣe àpẹẹrẹ, ọlọ́jà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, nọ́ḿbà tí kò mọ̀ pè é.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹ kú ọjà o. Ẹ kú ooru yìí. Láti báńkì yín ni, mà. BVN yín ni kò bá orúkọ tó wà lórí káàdì yín mu mọ́. Bí a kò bá tètè tún un ṣe lónìí, wọn yóò ti àkáǹtì náà pa. Ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú wá, oòrùn mú. A ó ṣe é lórí fóònù."

Ẹni náà pe orúkọ ìyá bí ó ṣe wà nínú ìwé. Ó tilẹ̀ ka nọ́ḿbà mẹ́fà àkọ́kọ́ tó wà lára káàdì rẹ̀ fún un, ó sì rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìyá kò mọ̀ pé nọ́ḿbà mẹ́fà wọ̀nyẹn kì í ṣe tirẹ̀ nìkan: àmì báńkì àti irú káàdì náà ni wọ́n jẹ́, wọ́n sì wà lára káàdì ọ̀pọ̀lọpọ̀ oníbàárà mìíràn. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀, wọ́n ní kí ó ka ìyókù, kí ó ka oṣù àti ọdún tí káàdì náà yóò kásẹ̀, kí ó yí i padà, kí ó sì ka nọ́ḿbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn. Láìpẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé pẹ̀lú nọ́ḿbà mẹ́fà. "Ẹ bá mi ka ìyẹn náà, mà, ká lè parí rẹ̀." Ìyá kà á. Owó tó fẹ́ fi ra ọjà tuntun ti lọ kí ó tó gbé fóònù kalẹ̀.

Ẹni tó pè kò fọ́ báńkì, kò sì jí káàdì. Kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo tó kù fún un ni nọ́ḿbà mẹ́fà tí báńkì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni owó, òun náà ló sì ní kí wọ́n kà fún òun. Ìkìlọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ náà pé kí ìyá má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìkìlọ̀, Yorùbá sì ni ẹni tó wà létí rẹ̀ ń sọ.

Èyí ṣe pàtàkì ní ìlú bíi Minna ju bí ó ti ṣe pàtàkì ní Ìbàdàn lọ. Ní ibi tí Nupe, Gbagyi àti Hausa ti jẹ́ èdè ọjà àti àdúgbò, ohùn tó bá kí àgbàlagbà ní èdè abínibí rẹ̀, tó mọ ìgbà tí a ń lo "ẹ" dípò "o", ti di ohùn ẹbí lójú ẹsẹ̀. Ìwà tí Yorùbá fi ń kọ́ ọmọ, pé kí a dáhùn ìkíni, kí a má ṣe já ọ̀rọ̀ mọ́ ẹni tó bọ̀wọ̀ fúnni lẹ́nu, ni oníjìbìtì sọ di ìdẹ. Nítorí náà, kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ pé àgbàlagbà tó kó sí i kò gbọ́n. Ìwà rere rẹ̀ ni wọ́n lò.

Ó tún yẹ kí a rántí bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣe dé orí fóònù. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹwàá, ọdún 2022, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun yóò pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 owó bébà di góòlù káàkiri orílẹ̀-èdè, títí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá sí i ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹta. Láàárín oṣù wọ̀nyẹn, ẹni tí kò fi fóònù sanwó rí láyé rẹ̀ kọ́ ọ ní tipátipá, lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ tàbí lọ́wọ́ onípíọ́ọ̀sì. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń fi owó ránṣẹ́. Kò sí ẹni tó ráyè kọ́ ọ bí a ṣe ń dáàbò bò ó.

BVN tí gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù yìí, nọ́ḿbà mọ́kànlá ni. Báńkì Àpapọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù Kejì, ọdún 2014, láti fi ìka àti ojú oníbàárà so gbogbo àkáǹtì rẹ̀ pọ̀. BVN nìkan kò lè fa owó jáde. Ohun tó ń fa owó jáde ni PIN, nọ́ḿbà ẹ̀yìn káàdì àti nọ́ḿbà ìgbà díẹ̀ tó ń wá nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì kankan tó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè wọn, ìbáà ṣe lórí fóònù, ìbáà ṣe nínú báńkì pàápàá.

Àwọ̀n mìíràn wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó fẹ̀yìn tì lábẹ́ ètò àtijọ́ ń gba owó wọn lábẹ́ àbójútó PTAD, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2013. Àjọ náà ní ètò tí ẹni tó ń gba owó fi ń jẹ́rìí pé òun ṣì wà láàyè. Oníjìbìtì gbọ́ nípa rẹ̀, ó sì ń pe àwọn bàbá láti ní kí wọ́n san owó díẹ̀ kí orúkọ wọn má baà bọ́ nínú ìwé. PTAD ti kìlọ̀ léraléra pé òun kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì.

Ti WhatsApp kan ẹgbẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n á tan mọ́ḿbà kan láti ka nọ́ḿbà mẹ́fà fún wọn, bóyá pé ìpàdé orí fóònù ni wọ́n fẹ́ fi í sí, wọ́n á sì gba ojú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, láti inú fóònù "Ìyálóde ẹgbẹ́" gan-an, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní 50,000, máa dá a padà lọ́la." Àwòrán rẹ̀ ni, orúkọ rẹ̀ ni, ta ni yóò kọ̀? Ẹ̀rọ tilẹ̀ ti wà báyìí tó lè sín ohùn ènìyàn jẹ. Ìdílé tó bá gbọ́n á ní ìbéèrè kan tí àlejò kò lè dáhùn. Oríkì tí màmá fi ń kí ọmọ náà láti kékeré dára fún iṣẹ́ yìí. Ọmọ tó bá sọ pé òun wà ní ọsibítù, tí kò sì mọ oríkì ara rẹ̀, kí ìyá dá fóònù dúró, kí ó pe nọ́ḿbà ọmọ rẹ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ti sọgúndogójì kò jẹ́ tuntun. Àwọ̀ ló yí padà. MMM tó wọ Nàìjíríà ní ìparí 2015 ti owó àwọn ènìyàn pa ní oṣù Kejìlá, ọdún 2016. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2025, CBEX ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí inú ń bí sì ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn. Kì í sábà jẹ́ àlejò ló ń mú àgbàlagbà wọ irú rẹ̀. Ará ilé ìjọsìn rẹ̀ tàbí ará ẹgbẹ́ tó ti gba èrè ìgbà àkọ́kọ́ ni.

Iye tó ń lọ kò kéré. NIBSS, ilé-iṣẹ́ tí owó báńkì dé báńkì ń gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, ka owó tí jìbìtì kó lọ ní 2023 sí bílíọ̀nù 17.67 náírà. Ìyẹn kò ka èyí tí ìtìjú kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ.

Ìtìjú yìí gan-an ni ó ń ba nǹkan jẹ́ jù. Ìyá tó wà ní Kpakungu kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti rò ó pé ọmọ òun yóò ní, "Màmá, ṣebí mo ti sọ fún yín," wọn yóò sì gba fóònù lọ́wọ́ òun bí ẹni gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ń bẹ̀rù pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ọmọ ni yóò máa pàṣẹ owó òun. Nígbà tí yóò fi sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹrin, owó náà ti gba àkáǹtì mẹ́ta mẹ́rin kọjá. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ sí wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́ nìkan ni báńkì ti sábà ń lè dí owó mú kí ó tó jáde. Ọmọ tó bá ti pariwo mọ́ òbí rẹ̀ nítorí 5,000 náírà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹnu òbí náà dé fún ọjọ́ tí yóò jẹ́ 500,000. Èyí tó dára ni kí ọmọ sọ ṣáájú, nígbà tí nǹkan kan kò tíì ṣẹlẹ̀: "Màmá, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. N kò ní bínú." Kí ó sì dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Òfin kò dákẹ́. Ọ̀rọ̀ "419" tó wọ gbogbo ẹnu jáde láti inú apá kan nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ń lò. Ní Minna, Penal Code ti àríwá ni ó ń ṣiṣẹ́, ó sì fi ìyà jẹ ẹlẹ́tàn bákan náà. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2006 lórí gbájúẹ̀ kárí ibi gbogbo: ẹ̀wọ̀n ọdún méje ó kéré tán, ogún ọdún ó pọ̀ jù, láìsí ààyè owó ìtanràn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 wà pẹ̀lú, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ìpàdé ẹgbẹ́ kì í sábà fẹ́ fọwọ́ kàn. Òbí ẹlòmíràn náà ni ọmọ Yahoo àdúgbò ń pè. Ní ọdún 2024, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi tó FBI létí pé owó tó lé ní bílíọ̀nù 4.8 dọ́là bọ́ lọ́wọ́ wọn sí oníjìbìtì láti ibi gbogbo láyé. Ní ẹjọ́ kan tí wọ́n ṣe ní Florida, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Spain ti kọ lẹ́tà sí àwọn arúgbó pé mọ̀lẹ́bí wọn kan fi ogún sílẹ̀ fún wọn sí báńkì kan ní Spain, kí wọ́n san owó díẹ̀ kí wọ́n lè gbà á. Àwọn tó kó sí i lé ní 400, owó náà lé ní mílíọ̀nù 6 dọ́là, ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ilé ẹjọ́ fi san án fún wọn. Ẹgbẹ́ tó ń pe ọmọ tí a kò mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí orí àga alága nígbà ìkówójọ, kí ó jíròrò láàárín ara rẹ̀ ibi tí owó náà ti wá.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe ní Minna kò ná wọn ní owó. Kí akọ̀wé kọ nọ́ḿbà ojúlówó tó wà lẹ́yìn káàdì báńkì àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan sórí bébà ńlá, kí ó kọ nọ́ḿbà kúkúrú tí báńkì náà fi ń ti àkáǹtì pa láti orí fóònù èyíkéyìí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí àgbàlagbà ti ń ta fóònù rẹ̀ sí iná. Kí ẹgbẹ́ fẹnu kò pé a kì í yáni lówó lórí WhatsApp láìgbọ́ ohùn ẹni náà lórí nọ́ḿbà rẹ̀. Kí wọ́n sì yan ọ̀dọ́ méjì tí ara wọn balẹ̀, tí àgbàlagbà lè pè nígbàkúùgbà láti béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni èyí?"

Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, títi àkáǹtì ló kọ́kọ́ yẹ, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹkún. Kí ẹnì kan bá àgbàlagbà náà dé báńkì ní ọjọ́ náà gan-an, kí ó mú káàdì, fóònù tí àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà nínú rẹ̀ àti nọ́ḿbà tó pè é dání. Kí wọ́n má ṣe pa ohunkóhun rẹ́ nínú fóònù náà. Kí wọ́n fi ìwé sun ẹ̀sùn, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí báńkì fi òǹtẹ̀ lù. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, nítorí báńkì lè béèrè ìwé wọn; EFCC àti ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní Abuja náà ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bí báńkì bá fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀, ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Báńkì Àpapọ̀ ni wọn yóò kọ̀wé sí, pẹ̀lú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yẹn.