Èdè-Ìperí fún Ìdí tí Ènìyàn fi ń Wà Nídìí Òwò Nàbì

1.0 Ìfáárà

Ní ìgbà kan, wọ́n gbé ìwé ìbéèrè kan wá fún mi pé kí n tú u sí èdè Yorùbá. Àwọn olùwádìí kan ni wọ́n fẹ́ lò ó láti mọ ohun tí ó gbé àwọn obìnrin kan dé ìdí fífi ara ṣòwò. Ìbéèrè kìn-ín-ní tí mo kọ sílẹ̀ ni: 'Kí ni ó sọ ọ́ di aṣẹ́wó?' Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé mo ti dá obìnrin náà lẹ́bi kí ó tó la ẹnu. Àṣìṣe yẹn ni ó bí iṣẹ́ yìí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi pe ènìyàn lè ti dáhùn ìbéèrè tí ìmọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí ẹ̀dá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wádìí.

2.0 Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ni àgbèrè àti panṣágà. Yálà owó wọ̀ ọ́ tàbí owó kò wọ̀ ọ́, a lè lò wọ́n. Aṣẹ́wó ní owó nínú, ṣùgbọ́n èébú ni lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìhun rẹ̀ sì tún dá kún ìṣòro náà. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá apẹja, adájọ́ àti apànìyàn. Irú ọ̀rọ̀-orúkọ bẹ́ẹ̀ a máa sọ ìṣe di ara ẹni: ẹni tí ó pa ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, apànìyàn ni títí láé. Ní ti òwò nàbì, orúkọ iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń gbé e: a lè sọ pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, pé ó ti ṣe é rí, tàbí pé ó ti fi í sílẹ̀.

3.0 Ojú mẹ́ta tí àwọn onímọ̀ fi wò ó

3.1 Ìwà àbínibí: Ní ọdún 1893, Cesare Lombroso àti Guglielmo Ferrero kọ ìwé kan ní ilẹ̀ Ítálì, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé a bí òwò yìí mọ́ àwọn obìnrin kan, àti pé a lè rí àmì rẹ̀ lára wọn. Ìmọ̀ ti kọ èrò yìí sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣáájú wọn, ní ọdún 1836, ìwé Parent-Duchâtelet lórí ìlú Paris ti ka òṣì àti owó-ọ̀yà kékeré tí à ń san fún obìnrin mọ́ àwọn okùnfà. Síbẹ̀, nígbàkigbà tí a bá pe ènìyàn ní aṣẹ́wó, èrò Lombroso ni ìhun ọ̀rọ̀ náà ń gbé padà wá.

3.2 Ọgbẹ́ ọkàn: Ní ọdún 1981, Mimi Silbert àti Ayala Pines jábọ̀ ìwádìí lórí obìnrin 200 ní San Francisco; 60 nínú 100 ni ó sọ pé wọ́n ti fi ìbálòpọ̀ fìyà jẹ àwọn ní kékeré. Ní ọdún 1996, Cathy Widom àti Joseph Kuhns fi àwọn tí àkọsílẹ̀ fi hàn pé ìyà jẹ wọ́n ní kékeré wé àwọn mìíràn, wọ́n sì rí i pé ìyà náà fi kún ewu òwò yìí láàárín àwọn obìnrin. Ní ọdún 1998, Melissa Farley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ lórí ènìyàn 475 tí wọ́n wà nínú òwò náà ní orílẹ̀-èdè márùn-ún. 67 nínú 100 ni ó ní àmì àìsàn ọgbẹ́ ọkàn. Kí olùtúmọ̀ má ṣe da ìwọ̀nyí pọ̀. Ewu-àfikún ni ìyà ìgbà èwe, kì í ṣe okùnfà tí kò ṣeé yẹ̀. Ọ̀pọ̀ tí ó jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ kò dé ìdí òwò nàbì. Ọgbẹ́ tí a bá lára ẹni tí ó ti wà nínú òwò náà sì lè jẹ́ àyọrísí rẹ̀.

3.3 Ìpinnu àti ipá: Àwọn mìíràn gbé àìní àti èrè lé ìwọ̀n, wọ́n sì pinnu. Irú èrò yìí ni Carol Leigh gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ó ní iṣẹ́ ni kí a máa pè é. Ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ń kó láti Ẹdó lọ sí Ítálì yàtọ̀. Wọ́n a mú wọn búra pé wọn yóò san gbèsè ìrìn-àjò wọn. A kò fi ṣẹkẹṣẹkẹ sí wọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀rù ìbúra ni ó so wọ́n mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni Ọba Ewuare Kejì ti Ìbíní fi tú irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ká ní oṣù kẹta ọdún 2018.

4.0 Àbá

A dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lábàá:
(i) òwò nàbì: iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀;
(ii) ẹni tí ó ń ṣòwò nàbì: àgbàlagbà tí ó fúnra rẹ̀ pinnu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìní ni ó tì í;
(iii) ẹni tí a fi ń ṣòwò nàbì: ẹni tí a fi ipá, ẹ̀tàn tàbí ìbúra mú; abẹ́ èyí ni gbogbo ọmọdé wà;
(iv) okùnfà, ewu-àfikún àti àyọrísí: kí a má ṣe fi ọ̀kan rọ́pò èkejì.

A kò sọ pé nàbì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gàn pátápátá. Ohun tí a sọ ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ṣe àti fi ṣe nínú èdè wa tó láti fi ya ìpinnu sọ́tọ̀ kúrò lára ipá.

5.0 Ìkádìí

Mo pa ìbéèrè kìn-ín-ní yẹn rẹ́. Èyí tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni: 'Báwo ni ẹ ṣe dé ìdí òwò yìí?' Kò sọ bóyá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni obìnrin náà fi rìn débẹ̀, tàbí wọ́n mú un wá ni. Òun ni yóò sọ ọ́. Ọ̀wọ̀ tí ó sì wà nínú ẹ, tí kò sí nínú ọ́ ti àkọ́kọ́, tọ́ sí ẹni tí a fẹ́ kí ó fi inú hàn wá.